Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni dreoilín ṣẹ̀?

Ní Írẹ́lándì láyé àtijọ́, bí Kérésì bá ti lọ tán, tí ilẹ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá bá mọ́, àwọn géńdé a kó igi àti òkò, wọn a dorí kọ igbó ẹlẹ́gùn-ún. Ohun tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ ò tó ohun tí èèyàn ń fi sọbẹ̀. Ẹyẹ dreoilín ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wren, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 10 péré. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọn a pa á, wọn a so ó mọ́ ẹ̀ka igi holly tí wọ́n ti fi ríbọ́ǹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé, tìlù tìfèrè. Orin ẹnu wọn ni pé dreoilín lọba gbogbo ẹyẹ, pé ọjọ́ Sítéfánù Mímọ́ ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí onílé jọ̀ọ́ wá nǹkan fún àwọn. Wọ́n ní owó ìsìnkú ọba ni. Onílé tó bá háwọ́, iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n á sin òkú ẹyẹ náà sí, oríire ò sì ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọdún á fi yípo.

Ti oyè yẹn ò ṣòro. Wọ́n ní àwọn ẹyẹ pé jọ, wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá fò ga jù ni yóò jọba. Idì fò, ó fò kọjá gbogbo wọn, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni dreoilín, tó ti há sáàárín ìyẹ́ rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbéra, ti yọ jáde, ó fi díẹ̀ ga jù ú lọ, ó lọgun pé òun lọba. Inú bí idì, ó fi apá gbá a. Àtìgbà náà ni dreoilín ò ti lè fò ga mọ́, tó jẹ́ abẹ́ igbó ló ń rá pálá. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà mọ ìtàn yìí, àwọn Jámánì sì ń fi ọba pe ẹyẹ náà títí dòní.

Ti pípa rẹ̀ ni ẹnu ò kò lé lórí. Àwọn kan ní nígbà tí Sítéfánù sá pamọ́ sínú igbó, dreoilín ló ké títí àwọn ọ̀tá fi rí i. Àwọn mìíràn ní Clíodhna ni, obìnrin iwin tó ń tan àwọn ọkùnrin lọ sí ìparun, òun ló para dà di ẹyẹ yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ogun: àwọn ọmọ ogun Írẹ́lándì ń yọ́ bọ̀ lóru láti ká àwọn Viking, akónilẹ́rù tó ń gba ojú òkun wá láti àríwá Yúróòpù, mọ́ ojú oorun, ni dreoilín bá bà sórí ìlù, ó ń ṣa èérún búrẹ́dì jẹ, ìró ẹnu rẹ̀ sì jí àwọn ọ̀tá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí John Aubrey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1696, ìtàn ìlù yìí náà ló sọ, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló sì sùn níbẹ̀, tí àwọn Kátólíìkì ń yọ́ bọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹyẹ náà ní ìránṣẹ́ Sàtánì, tí gbogbo ará àdúgbò á máa sáré bíi wèrè láti ọgbà dé ọgbà lọ́jọ́ ọdún. Ẹlòmíràn á tún sọ ọ́, á ní àwọn ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó gbógun ti Írẹ́lándì, ni ẹyẹ jí. Ọ̀tá tó bá wà lóde lásìkò náà ni wọ́n ń kó sínú ìtàn.

Lójú tèmi, ọdẹ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wá ẹ̀sùn sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Ní Isle of Man, erékùṣù tó wà láàárín Írẹ́lándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń ṣe é. Ní Wales láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbé ẹyẹ náà kiri nínú ilé onígi kékeré. Ní Carcassonne, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá kọ́kọ́ pa á ni wọ́n máa ń fi jọba ọdún náà nígbà kan rí. Ọ̀rọ̀ Cromwell kò dé Carcassonne. Edward Armstrong, tó ṣèwádìí nípa ìtàn ẹyẹ, gbà pé ètùtù àtayébáyé ni, ti ìgbà òtútù, nígbà tí ọjọ́ bá kúrú jù lọ. Èyí bá mi lára mu ju ọ̀rọ̀ èérún búrẹ́dì lọ.

Ní 1845, Richard Dowden tó jẹ́ mẹ́yọ̀ ìlú Cork ní Írẹ́lándì kéde pé òun ò fẹ́ rí ọdẹ náà mọ́, torí ìwà ìkà sí ẹranko. Àṣà náà ò tìtorí ẹ̀ parẹ́. Dingle, ní County Kerry, ló ti gbóná jù lónìí. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, John Street, Goat Street, Quay, pẹ̀lú àwọn Green and Gold, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Koríko gbígbẹ ni àwọn kan fi ń bora látorí dé ẹsẹ̀ kí aládùúgbò má bàa dá wọn mọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣàdédé pàdé wọn á kọ́kọ́ bèèrè pé eégún ilé ta nìyí. Ẹnì kan á gbé ẹṣin onígi funfun kọ́rùn, á máa fi ẹnu rẹ̀ ṣán àwọn ọmọdé. Nígbà kan rí, ọkùnrin nìkan ló ń jáde, tí àwọn kan nínú wọn á wọṣọ obìnrin. Ní báyìí, àwọn obìnrin náà ń jó.

Ẹyẹ àtọwọ́dá ló wà lórí igi holly báyìí, torí òfin ọdún 1976 ti dáàbò bo èyí tó wà láàyè. Owó ìsìnkú, tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ àti ọtí fún àríyá alẹ́ tẹ́lẹ̀, ti di ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Àmọ́ àríyá ṣì wà, ọtí náà ò sì yẹ̀.