Wọ́n ní ẹ̀rọ ló kọ tísíìsì mi: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ní April 2024, Paul Graham, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Y Combinator, iléeṣẹ́ tó ń fowó ran àwọn iléeṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí X pé ẹnì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sóun, òun sì rí ọ̀rọ̀ “delve” (ìyẹn kéèyàn walẹ̀ jìn nínú ọ̀rọ̀) nínú ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà dá a lóhùn rẹpẹtẹ pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa níléèwé nìyẹn o. Ariwo yẹn ti rọlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀ ò tíì kúrò lára àwọn tó ń ṣe másítáàsì àti PhD, ìbéèrè wọn ni mo sì ń rí gbà ṣáá.

Tí “delve” bá wà nínú ìwé mi, ṣé mo ti wọ gàù nìyẹn?

Rárá. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí i nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn tí ChatGPT jáde ní November 2022, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè sọ ẹni tó kọ ìwé kan pàtó.

Turnitin, ẹ̀rọ tí yunifásítì fi ń yẹ ìwé wò, fún mi ní 24%. Ṣé olè ni mí?

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gbọ́ jù nìyí. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ iye ọ̀rọ̀ yín tó bá ti ẹlòmíì mu ni, Turnitin fúnra wọn sọ pé àwọn ò dájọ́ olè fẹ́nì kankan. Rẹ́fúrẹ́ǹsì yín lè wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fa yọ tẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tó ni ín lè wà níbẹ̀, kódà orúkọ yunifásítì yín. Ẹnì kan lè gba 30% kó má jẹ̀bi, kí ẹlòmíì gba 6% kó jẹ́ pé odindi ojú ewé kan ló jí kó. Torí náà, ẹ má gba nọ́ńbà nìkan lọ́wọ́ supafáísọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní ìròyìn ẹ̀ lódindi, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kùn.

Ti AI ńkọ́? Ṣé nọ́ńbà kan náà ni?

Ó yàtọ̀ pátápátá. April 2023 ni Turnitin gbé ẹ̀rọ tó ń wá ìwé tí AI kọ jáde, kò sì sí ìwé kankan tó ń fi tiyín wé, ṣe ló ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ó wá ń fojú bu ú. Ní 2023 náà, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kó àròkọ 91 tí wọ́n kọ fún TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, fún irú ẹ̀rọ báyìí méje, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ló kọ ọ́, ní ìpíndọ́gba àwọn ẹ̀rọ náà sọ pé AI ló kọ ohun tó lé ní 61% nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàṣìṣe rárá lórí tàwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà. (Turnitin ò sí lára méje yẹn o, kẹ́ ẹ má lọ sọ ohun tí mi ò sọ.) OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an pa ẹ̀rọ tiwọn tì ní July 2023. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ti pa ẹ̀rọ Turnitin tó ń wá AI yẹn: ìwé 75,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Turnitin ní 2022, tó bá jẹ́ 1% péré ni ẹ̀rọ ṣì, nǹkan bí ìwé 750 ni wọ́n á fẹ̀sùn irọ́ kàn. Ọmọ ẹni lẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 750 yẹn.

Ṣé kí n lo app tó ń sọ ìwé AI di ti èèyàn?

Ẹ má dán an wò.

Kí ni mo lè ṣe kọ́rọ̀ tó dé bẹ̀?

Ẹ ka ìwé oníwé, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó yé yín láìwò ó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí i padà wò bóyá ẹ ṣì í sọ. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín, ẹ má sọ pé tó bá di alẹ́. Ẹ má sì pa èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ rẹ́, bó ti wù kó burú tó, Google Docs máa ń tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Mo lè kọ ọ́, àmọ́ ẹnu mi kì í là níwájú èèyàn.

Ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ẹnì kan nílé tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni ò tíì yé ẹ̀yin gan-an. Ní yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje tí ọmọ PhD á fi ìṣẹ́jú 3 àti sláìdì kan péré sọ gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, ìwé ọ̀rọ̀ 80,000 tí wọ́n ní ó máa gba wákàtí 9 láti sọ tán. Ẹ fi ìṣẹ́jú 3 yẹn dánra wò lálaalẹ́.

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn yìí ti pè mí, ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ mú ìròyìn ẹ̀rọ náà lódindi dání, àti ìwé tẹ́ ẹ ti fàlà sí, àti gbogbo èyí tẹ́ ẹ kọ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá lo AI láti tún gírámà ṣe, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín, ẹ má purọ́. Kẹ́ ẹ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí ojú ewé tó bá wù wọ́n, kẹ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn láìwo ìwé.