Ohun tí máìléèjì ò lè sọ fún ẹni tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò ìyàwó mi ní kí n sin òun lọ wo ọkọ̀. Iṣẹ́ bóòhóòlù ló ń ṣe, píkọ́ọ̀pù tó lè ru páìpù àti jẹnẹrétọ̀ wọ inú oko ló sì ń wá. Toyota Tacoma tọ̀kúnbọ̀ méjì la bá níbi tá a lọ. Ọ̀kan funfun, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. 88,000 máìlì ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Èkejì aláwọ̀ eérú, ara rẹ̀ ti họ níbi mẹ́ta mẹ́rin, 214,000 máìlì. Ká tó kí ara wa tán, ẹni tó ń tà á ti ṣí ilẹ̀kùn èyí funfun sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà wo máìléèjì! Ìyá àgbà kan ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè."

Ó ti tó ìgbà mẹ́rin tí mo ti pàdé ìyá àgbà yìí lẹ́nu àwọn tó ń ta mọ́tò. Màmá náà ní ọkọ̀ púpọ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ò tiẹ̀ wo èyí aláwọ̀ eérú lẹ́ẹ̀mejì. "Bọ̀ọ̀dá, 214,000 kẹ̀? Ẹ́ńjìnnì yẹn ti kú, wọn ò tíì sin ín ni."

Òun nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, bí nọ́ńbà bá kéré, ọkọ̀ le; tó bá ti kọjá 200,000, àwọn tó ń ra irin jákujàku ni kí wọ́n lọ gbé e fún. Ìgbàgbọ́ yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Láyé àtijọ́, òǹkà inú ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà ò ju ojú nọ́ńbà márùn-ún lọ. Tó bá ti pé 99,999, á yí padà sí òdo, bí ẹni pé ayé ọkọ̀ náà parí síbẹ̀. Àmọ́ ní 2016, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Victor Sheppard, ará ìpínlẹ̀ Louisiana, wa píkọ́ọ̀pù Toyota Tundra ọdún 2007 rẹ̀ dé mílíọ̀nù kan máìlì, ẹ́ńjìnnì àti gíà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Toyota gba ọkọ̀ náà kí wọ́n lè tú u wò, wọ́n sì fún un ní tuntun. Kò sí oògùn níbẹ̀: ojú ọ̀nà gbọọrọ ló ń bá lọ jù, kì í sì í jẹ́ kí àsìkò sáfíìsì yẹ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé ẹ́ńjìnnì ò mọ máìlì. Iye wákàtí tó fi ń yí ló mọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ kan tó ti rin 320,000 kìlómítà lójú ọ̀nà gbọọrọ, tó ń ṣe bí 80 kìlómítà ní wákàtí kan: 4,000 wákàtí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Ẹ tún gbé òmíràn tó rin 100,000 péré nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, tó jẹ́ pé 20 kìlómítà ló ń rí rìn ní wákàtí: 5,000 wákàtí ni tiẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta ti èkejì ló ti jìyà jù. Kò sì tíì burú tó Hilux tó ń tẹ̀ lé ọ̀gá kiri. Ọ̀gá wọlé ìpàdé, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ́ńjìnnì ń yí fún wákàtí mẹ́ta gbáko, òǹkà ò sún ní ìṣísẹ̀ kan. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé gbàǹjo, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wuni gan-an.

Àní máìlì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń ka nọ́ńbà láìwo ohun tí wọ́n ń kà. Máìlì ni Tacoma Amẹ́ríkà ń kà, kìlómítà ni Hilux tó wá láti South Africa ń kà. 150,000 ti Amẹ́ríkà ju 240,000 ti South Africa lọ. Mo ti rí ẹni tó fi méjèèjì wé ara wọn tó sì sanwó.

Ká tiẹ̀ ní nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì tó bí wọ́n ṣe ń sọ, ta ló kọ ọ́ síbẹ̀? NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé ó lé ní 450,000 ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún níbẹ̀ tí máìléèjì wọn jẹ́ irọ́. Amẹ́ríkà tó lófin nìyẹn o. Láti 2021, ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ ọdún 2011 sókè níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye tó ti rìn sínú ìwé títí ọkọ̀ náà á fi pé ọdún 20. Lọ́dọ̀ tiwa, rewáyà tó mọṣẹ́ á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ abẹ́ sítíárì, ẹ ò ní tíì mu mọ́ọ̀tì yín tán tí 190,000 á ti di 90,000.

Ohun tí rewáyà ò lè fọwọ́ kàn ni àkọsílẹ̀ tó wà lókè òkun. Nọ́ńbà ṣásì tó wà ní igun gíláàsì iwájú, lójú dírẹ́bà, ojú 17 ló ní. Ẹ fi sínú Carfax, ìkànnì tó ń tọ́jú ìtàn ọkọ̀, tàbí irú rẹ̀, ẹ san owó díẹ̀, ẹ ó sì rí iye máìlì tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọdọọdún. Bí 2017 bá ní 160,000 tí dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń pè é ní 88,000 lónìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ojú kẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún tí ọkọ̀ jẹ́: 8 ni 2008, A ni 2010, B ni 2011. Ti Hilux tó bá fi AHT bẹ̀rẹ̀, South Africa ló ti wá. MR0, Thailand ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Amẹ́ríkà ni Hilux òun ti dé, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì máa bọ̀ nílé. Láti àárín àwọn ọdún 1990 tí Tacoma ti gba ipò rẹ̀ ni Toyota ò ti ta Hilux níbẹ̀ mọ́.

Tí ẹ ò bá tiẹ̀ ní dátà lórí fóònù, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga dírẹ́bà èyí funfun. Rọ́bà tó wà lórí ẹsẹ̀ bírékì tuntun ni, ìlà ara rẹ̀ ṣì yọ ketekete. Ẹsẹ̀ tọ́tù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jẹ wọnú. Ta ló ń pààrọ̀ rọ́bà bírékì ọkọ̀ tó rin 88,000 máìlì péré? Sítíárì rẹ̀ ń dán bí iwájú orí apárí, etí àga ti ya, wọ́n fi kọ́fà bò ó. Ti aláwọ̀ eérú, gbogbo ẹ̀ ló jẹ bákan náà, kò sí ohun tí wọ́n fi bo ohunkóhun. 214,000 ló pe ara rẹ̀, ara rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Gbogbo èyí ò sì tíì dé ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn abẹ́ ọkọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ bí Ohio, Michigan àti New York, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn á ta sí abẹ́ ọkọ̀, á wọ inú ṣásì, á bá ẹrẹ̀ tó ti kó síbẹ̀, wọn á jọ máa gbé. Bí ọkọ̀ rìn, bí kò rìn, ìpẹtà ń jẹ ẹ́ lọ. Tacoma wà lára àwọn tó jìyà èyí jù. Ní 2008, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn Tacoma ọdún 1995 sí 2000 tí ṣásì wọn ti jẹrà padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ní 2016, wọ́n tún gbà nínú ẹjọ́ kan láti yẹ ṣásì Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 sí 2008 àti Sequoia 2005 sí 2008 wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó bá ti bàjẹ́. Iye tí wọ́n fojú bù fún un tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ẹ ronú sí i: Toyota kan náà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè rin mílíọ̀nù kan máìlì ni o.

Mẹkáníìkì wa, àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá, tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fà wọ abẹ́ èyí funfun pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré kan. Ó kọ́kọ́ pè mí kí n wá wo ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun abẹ́ rẹ̀, tó ṣì ń rùn. "Ta ní ń kun abẹ́ mọ́tò tó ti gbó?" Ó fi òòlù kan ṣásì lábẹ́ dírẹ́bà: gan-an. Ó kan án lẹ́yìn táyà iwájú: gan-an. Ó dé òkè ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásì: gbì. Ó tún un kàn, orí òòlù sì wọlé. Páárá ìpẹtà pupa ń já lé e láyà bí èèpo ẹ̀pà.

"Wẹ́dà á lẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan, Bàbá," ni ẹni tó ń tà á sọ.

Bàbá ò tíì jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó fi dá a lóhùn. "Ọmọ mi, ara kí ni á lẹ̀ ẹ́ mọ́?"

Ìpẹtà ojú lásán, tó kàn pọ́n díẹ̀ lára irin, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó ń bó, tó wú, tó ń dún gbì, ẹ sá fún un. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ kàn: ẹ̀yìn táyà iwájú, òkè sípíríǹgì ẹ̀yìn, àti àyíká ibi tí wọ́n so sípíà táyà mọ́. Ìwé aláwọ̀ eérú fi hàn pé Texas ló ti lo ayé rẹ̀. Òòlù ń dún lára rẹ̀ bí agogo.

Ti ẹ́ńjìnnì ò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, láìsọ fún wọn, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó di pé wọ́n ṣáná sí i. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti jí i kí ẹ tó dé, ohun tí kò fẹ́ kí ẹ rí ló sì ń bò mọ́lẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: tí abẹ́ rẹ̀ bá dà bí ògì, ẹ dé e padà, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Ẹ fi gíà kékeré fóò-wíìlì sí i lórí iyanrìn, kí ẹ má fi ẹnu gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Mi ò sọ pé 214,000 máìlì jẹ́ 0 o. Owó ló jẹ́. Rọ́bà ẹsẹ̀ iwájú, bọ́ọ̀jọ́ìǹtì, rédíétọ̀, gbogbo wọn ti fẹ́ sinmi, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ owó wọn nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ bèèrè bóyá ṣéènì ni tàbí bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì. Hilux oníbẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.7 àti Tacoma 4.0, ṣéènì ni. Tacoma 3.4 ti àtijọ́ ń fẹ́ bẹ́líìtì tuntun ní 90,000 máìlì kọ̀ọ̀kan. Hilux onídíísù 2.5 àti 3.0 ti D-4D (irú ẹ́ńjìnnì díísù Toyota kan), bẹ́líìtì ni. Bó bá já lójú ọ̀nà, ó lè tẹ fáàfù, iye tí ẹ rò pé ẹ jèrè nínú ọkọ̀ á sì bá a lọ. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà ṣe pàtàkì. Láti January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n má ṣe kó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, nítorí náà, èyí tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kútọnu lẹ́yìn ìgbà náà lè di ti kọ́sítọ́ọ̀mù lójú yín.

Aláwọ̀ eérú la rà. Bàbá pààrọ̀ rọ́bà ẹsẹ̀ àti rédíétọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, ọkọ̀ náà sì ti ń ru páìpù láti ìgbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò ìyàwó mi pè mí lórí fóònù, ó fẹ́ kí n bá òun wá rewáyà kan.

Mo ní kí ló ṣe iná ọkọ̀.

"Iná kọ́, Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ mọ iye tó máa gbà láti fà á wá sí 90,000. Nítorí ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tà á ni."