Kí Ló Dé Tí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ń Dí Lójú Kan, Tí Ibòmíràn Sì Mọ́?

Àbúrò mi kan tó ń gbé Ọ̀fà ló fi ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé bàbá wọn wá sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò ọrùn. Mo ní kó jẹ́ kí n dáhùn ní gbangba, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa ò sanra, wọn ò sì kúndùn ọ̀rá. Dókítà ní ọ̀rá ti dì sára iṣan ọrùn wọn, níbi tó ti pín sí méjì. Ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí gbogbo ara ká? Kí ló wá gbé e débẹ̀?

Ibi tó yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fa wàhálà yìí, gbogbo iṣan ni ì bá máa dí bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri iṣan ni kó o wò, pàápàá awọ tó tẹ́ inú rẹ̀.

Tó o bá wá sí Ìlọrin, yà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran ní Ìpàtá. Ra ọkàn màlúù tí iṣan ńlá ṣì wà lórí rẹ̀, kó o fi ọ̀bẹ la iṣan náà. Wàá rí i pé inú rẹ̀ ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Lójú ibi tó ń dán yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tò sí, ìpele kan péré, tí etí wọn so mọ́ ara wọn. Endothelium ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò sí nínú rẹ̀, ńlá ni o, kékeré ni. Nínú ọpọlọ, wọ́n fún mọ́ra pinpin. Nínú ẹ̀dọ̀, ihò wà lára wọn tí nǹkan ń gbà kọjá. Ọwọ́ wọn ló wà, ohun tó máa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ògiri àti ohun tí kò ní wọ̀ ọ́.

Oríta yẹn ńkọ́?

Ìwọ náà ti rí odò Asà rí. Níbi tó ti ń lọ tààrà, omi á kàn máa ṣàn; níbi tó bá ti kọ lu òpó afárá, á máa yí po, á tún máa padà sẹ́yìn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe ní oríta iṣan ọrùn, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ geere, sẹ́ẹ̀lì awọ inú á nà gbọọrọ, á kọjú síbi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, á sì pẹ́ láyé. Ní oríta, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Á rí gọ́tọ́, á tètè kú, òmíràn á sì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú tàbí tó bá ń pín sí méjì, etí tó fi so mọ́ aládùúgbò rẹ̀ máa ń tú díẹ̀.

LDL, ìyẹn ẹrù tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan, kiri inú ẹ̀jẹ̀, fẹ̀ tó nǹkan bí 22 nanometer, ìwọ̀n tó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Kò lè gba àárín sẹ́ẹ̀lì tó so dáadáa kọjá. Tí etí bá ti tú, ó wọlé nìyẹn.

Àmọ́ àlàfo nìkan kọ́ ló ń gbà. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá máa ń gbé LDL mì, á gbé e sọdá inú ara rẹ̀, á sì tú u sílẹ̀ lódì kejì. Wọ́n ti mọ méjì lára àwọn èròjà purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì tó ń bá a mú ẹrù náà: SR-B1 àti ALK1 ni wọ́n ń pè wọ́n.

Tí a bá wá rí oògùn tó lè dí gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, ṣé ó parí nìyẹn?

Níbí ni àwọn onímọ̀ ti fa ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ní ọdún 1995, Kevin Jon Williams àti Ira Tabas ní kì í ṣe wíwọlé ni ìṣòro, jíjókòó síbẹ̀ ni. Gbogbo ògiri iṣan ni LDL ń wọ̀, ó sì ń jáde. Àwọn ojú kan wà tí ohun kan tí wọ́n ń pè ní proteoglycan ti ń dì í mú. Tó bá ti pẹ́ níbẹ̀, á bàjẹ́. Awọ inú á wá na ọwọ́ sí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á wọlé wá máa gbé ọ̀rá náà mì títí yóò fi kún fún un, kò sì ní lè jáde mọ́. Bí egbò inú ògiri ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò wọlé kò lè jókòó. Mi ò rí ìdí tí a fi ní láti mú ọ̀kan, ká sì ju èkejì nù.

Ohun kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn kì í ní àrùn yìí. Àmọ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá yọ irú iṣan bẹ́ẹ̀ láti ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà àbùjá lára ọkàn, tó bá ṣe bí ọdún mélòó kan, òun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ kọjá ti wá lágbára ju èyí tó mọ́ ọn lára lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru.

Wọ́n ní awọ yìí tún ń ṣe oògùn fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, inú àṣìṣe ni wọ́n sì ti rí i. Robert Furchgott, ará Amẹ́ríkà, ń fi iṣan ehoro ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó yẹ kó mú iṣan dẹ̀ ń mú un fún. Ó wá hàn pé bí wọ́n ṣe ń di iṣan náà mú, awọ inú rẹ̀ ti ha kúrò. Èyí tí awọ rẹ̀ pé dẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbé e jáde ní 1980. Nitric oxide, afẹ́fẹ́ kan tó ń mú iṣan dẹ̀, ni awọ náà ń tú síta, òun, Louis Ignarro àti Ferid Murad sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998. Oògùn abẹ́ ahọ́n tí wọ́n ń fún ẹni tí àyà ń dùn ń gba ọ̀nà kan náà ṣiṣẹ́. Nitric oxide kì í tún jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì mọ́ ògiri. Sìgá, ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dín in kù.

Wọ́n ti ní kí bàbá má jẹ wàrà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dín in kù, pàápàá èyí tí wọ́n bá fi epo dín. Ṣùgbọ́n tí sìgá bá ṣì wà lápò wọn, wàrà kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Oògùn tí dókítà kọ láti fi dín LDL kù, kí wọ́n máa lò ó: bó bá ṣe kéré tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni èyí tó ń wọ ògiri yóò ṣe kéré tó.

Ṣé àyẹ̀wò wà fún awọ inú yìí?

Ó wà. Wọ́n á fún nǹkan mọ́ apá fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á tú u, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ scan wo bí iṣan apá ṣe là tó. Èyí tí awọ rẹ̀ dá ṣáṣá á là dáadáa. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ló sábà máa ń lò ó. Ti bàbá, ẹ ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ṣúgà àti ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ kó èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń padà lọ rí dókítà.