Òfin aṣọ ní ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù: ṣé kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ ni?

Níbi ìdíje gọ́ọ̀fù Masters ní Augusta, Amẹ́ríkà, oṣù Kẹrin 2024, àwọn aláṣẹ ní kí Jason Day, ọmọ Ọsirélíà tó gba PGA Championship 2015, bọ́ ẹ̀wù aláìlápá kan tó wọ̀ lé aṣọ rẹ̀. Àwọn kan ní ṣòkòtò rẹ̀ tó fẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ ló fà á. Àwọn mìíràn ní ó rú òfin gọ́ọ̀fù. Méjèèjì kọ́. Àríyànjiyàn aṣọ yìí kò sì tíì tán ní àwọn ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù.

Kí ló dé gan-an tí wọ́n fi ní kó bọ́ ọ?

Orúkọ aláṣọ rẹ̀, Malbon, ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ẹ̀wù náà. Ṣòkòtò rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kó bọ́, ọpẹ́ ni.

Ṣé ìwé òfin gọ́ọ̀fù sọ irú aṣọ tí a gbọ́dọ̀ wọ̀?

Rárá. R&A àti USGA, àwọn àjọ méjì tó ń darí gọ́ọ̀fù lágbàáyé, ló jọ ń ṣe ìwé òfin náà. Ó sọ pé igi gọ́ọ̀fù inú àpò kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa kọ́là. Ohun tó wà níbẹ̀ ni Òfin 1.2b: ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje lè kọ ìlànà ìwà sílẹ̀, kí òfin aṣọ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì so ìjìyà mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ ìkìlọ̀, wọ́n lè fi ẹyọ kan tàbí méjì kún iye ìgbà tí ẹni náà gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, wọn ò lè fi ẹyọ kankan kún ti ẹni tó wọ jíǹsì.

Ta ló wá ń ṣòfin aṣọ?

Ìgbìmọ̀ ilé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láyè ara wọn.

Kí ni òfin náà sábà máa ń sọ?

Ó pín sí méjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìnà. Lórí pápá: ẹ̀wù ọlọ́rùn (oníkọ́là) tí a tì bọ ṣòkòtò, ṣòkòtò gígùn, tàbí péńpé tó dé orúnkún tó sì ní ojú bẹ́líìtì. Péńpé onírọ́bà tàbí onítaàkùn, èyí tó ní àpò ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti jíǹsì kò wọlé. Nínú ilé: ẹ yọ fésì-káàpù, ẹ bọ́ bàtà pápá, ẹ má wọ aṣọ òjò tó ń kán. Ní yàrá oúnjẹ àwọn kan, kóòtù àti táì ni. Muirfield ní Scotland gbajúmọ̀ fún èyí. Ní Britain, àwọn kan tún ń fẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó wọ péńpé dé orúnkún, tàbí kó jẹ́ funfun bó bá kúrú. Àwọn kan kò fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ bàtà níbi ìgbọ́kọ̀sí.

Ṣé àwọn òfin yìí ní ìdí, àbí ìgbéraga lásán ni?

Àwọn kan ní ìdí gidi. Nígbà tí ìṣó irin wà lábẹ́ bàtà gọ́ọ̀fù, ó ń fa kápẹ́ẹ̀tì ya, ó ń gún pákó ilẹ̀, ó sì ń yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Lórí pápá, ó ń hú koríko kúkúrú ibi tí ihò wà, bọ́ọ̀lù tó bá kọlu ibẹ̀ á sì yà kúrò lọ́nà. Òfin ò tilẹ̀ jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù tún ojú ibẹ̀ ṣe kó tó gbá a, àfi láti 2019. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000 ni ìṣó oníke ti ń gba ipò irin. Nítorí náà, òfin tó lé gbogbo bàtà pápá jáde ti ń dáàbò bo kápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ẹrẹ̀ ló kù, búrọ́ọ̀ṣì ẹnu ọ̀nà sì tó fún un.

Wimbledon Common ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní òfin aṣọ tó mọ́gbọ́n wá jù: ẹ̀wù pupa ni ẹni tó bá ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ títí di òní, nítorí gbogbo ayé ló ń lo pápá náà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń mú ajá rìn lè rí agbábọ́ọ̀lù láti òkèèrè kí bọ́ọ̀lù tó bà á lórí.

Àwọn òfin kọ́là, jíǹsì àti gígùn ìbọ̀sẹ̀ kò dáàbò bo nǹkan kan. Wọ́n wà láti fi ẹni tó jẹ́ tiwọn hàn.

Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ńkọ́? Ṣé wọ́n ń wọ péńpé?

PGA Tour, àjọ ìdíje wọn ní Amẹ́ríkà, gbà á láti 2019, àmọ́ níbi ìdánrawò àti ìdíje tí wọ́n ti ń bá àwọn tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun gbá nìkan. Bí ìdíje gidi bá dé, ṣòkòtò gígùn ni. Àwọn kádì wọn, ìyẹn àwọn tó ń bá wọn gbé àpò igi, ti ń wọ péńpé láti 1999. LIV Golf, àjọ ìdíje tó ń bá PGA Tour du, gbà á nínú ìdíje gan-an láti 2022. Bọ́ọ̀lù ò mọ ìyàtọ̀.

Àwọn obìnrin?

Lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀wù aláìlápá wọlé bó bá ní kọ́là, aláìní-kọ́là wọlé bó bá lápá. Ní 2017, LPGA, àjọ ìdíje àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ṣòfin lórí ọrùn ẹ̀wù tó jìn jù àti síkẹ́ẹ̀tì tó kúrú jù, owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ sì jẹ́ 1,000 dọ́là.

Aṣọ ìbílẹ̀ ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń di ẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà 2017, ní Delhi Golf Club ní Íńdíà, wọ́n ní kí obìnrin kan tó wọ jainsem, aṣọ ìbílẹ̀ ẹ̀yà Khasi, dìde nídìí oúnjẹ. Àlejò ni, ẹni tó mú un wá sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀ ló wọ̀. Ariwo ta, ilé ẹgbẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ní 2014, ní Chennai, ní Íńdíà kan náà, wọ́n ti dá adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kan padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì nítorí veshti, aṣọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, tó ró mọ́dìí. Kí ọdún yẹn tó parí, ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, níbi tí Chennai wà, ti ṣòfin pé ilé ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ní Britain, Equality Act 2010 kan ẹgbẹ́ tó bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 25 ó kéré tán, tó sì ní ìlànà tó fi ń gbà wọ́n. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ya ọmọ ẹgbẹ́ tàbí àlejò sọ́tọ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́: ìyẹn ò sọ pé agbádá ti wọlé níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá fi òfin “ẹ ṣí fìlà” mú obìnrin tó wọ híjáàbù tàbí ẹlẹ́sìn Sikh tó wé láwàní ń wá ẹjọ́ ni.

Nílé ńkọ́? Ikoyi Club 1938 bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí European Club, ẹ sì mọ aṣọ àwọn tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ẹgbẹ́ èyíkéyìí pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ti fìlà àti sálúbàtà, torí bàtà náà máa ń fa wàhálà.

Ó dáa, ṣé kí wọ́n dẹ̀ ẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Kí báà, ibi ìmutí ilé ẹgbẹ́, gba aṣọ tí èèyàn fi gbá bọ́ọ̀lù, títí kan bàtà oníṣó ike tí wọ́n bá ti nù. Ẹni tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ kó tó mu ọtí kan á kúkú wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, owó ọtí náà á sì bá a lọ. Kí yàrá oúnjẹ alẹ́ ní kóòtù tirẹ̀ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́. Kí òfin ooru, èyí tó ń sọ ìgbà tí ẹ lè bọ́ kóòtù àti táì, ní iye: ẹni tó bá kọ “bí ooru bá mú jù” ti dá ìjà sílẹ̀, ẹni tó bá kọ 28 °C ti parí rẹ̀. Ní oṣù Keje 2022, England kan 40.3 °C, ọjọ́ yẹn kọ́ ló yẹ kí ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣèpàdé lórí táì.

Kí wọ́n pa “aṣọ tó bójú mu” rẹ́. Ojú ta ni? Kí wọ́n kọ ohun márùn-ún tí wọn ò fẹ́, kó tán síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, máníjà tàbí akọ̀wé, ni kó máa bá àlejò sọ̀rọ̀. Níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ti di ọlọ́pàá aṣọ, ojú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò.

Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, ṣé àwọn èèyàn ò ní wọ síńgíléètì wọlé?

Kí wọ́n fi síńgíléètì sí ìkíní nínú márùn-ún yẹn.

Wọ́n pè mí ní Sátidé. Kí ni kí n dì?

Ẹ wo ojú ewé àlejò ilé ẹgbẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pe ṣọ́ọ̀bù inú pápá. Ẹ béèrè ìbọ̀sẹ̀, jíǹsì nínú báà, àti aago tí kóòtù bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀: ẹ̀wù ọlọ́rùn kan lára, òmíràn nínú àpò, ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ funfun kúkúrú, bàtà aláwọ tó mọ́, kóòtù àti táì nínú ọkọ̀. Ẹ pa fóònù kí ẹ tó wọlé. Òfin yẹn náà ń mú àlejò.

Bí wọ́n bá wá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ má bá ẹni tó wà níbẹ̀ jà, òun kọ́ ló ṣòfin. Ẹ ní kó fi ìlà òfin náà hàn yín, kí ẹ ra ẹ̀wù ní ṣọ́ọ̀bù wọn bí ẹ bá lè gba owó rẹ̀ mọ́ra, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó pè yín. Òun ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí.