Bí Ìlànà Kámẹ́rà fún Eré Àwọn Obìnrin Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Bí a bá jókòó sídìí tẹlifíṣàn ní Kàbà, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀ nígbà Òlíḿpíìkì, kì í ṣe oníkámẹ́rà Nàìjíríà ló ń ya ohun tí à ń wò. OBS, ilé-iṣẹ́ tí IOC, àjọ Òlíḿpíìkì àgbáyé, dá sílẹ̀ ní 2001, ló ń yà á, tó sì ń pín in kárí ayé. Ibi tí kámẹ́rà wọn bá kọjú sí ni ojú tiwa náà ń lọ. Nítorí náà, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti ya obìnrin tó ń ṣeré kan ọmọbìnrin wa tó ń sáré ní pápá ilé-ìwé ní Mọ́pà. Ìlànà ọ̀hún kò tíì pẹ́ rárá.

Ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Ní 1928, ní Amsterdam, àwọn obìnrin sá 800 mítà ní Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, Lina Radke ará Jámánì sì gbégbá orókè. Kíá, àwọn oníwèé ìròyìn gbé e pé àwọn obìnrin náà dákú, pé wọ́n ṣubú káàkiri pápá. Irọ́ gbuu ni. Mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sáré parí. Ta ni yóò sá irú eré bẹ́ẹ̀ tí kò ní mí hẹlẹhẹlẹ? Síbẹ̀, wọ́n yọ eré náà kúrò, obìnrin kò sì tún sá a ní Òlíḿpíìkì títí di 1960 ní Róòmù. Odidi ọdún 32!

Tẹlifíṣàn dé, ó gbé tirẹ̀ dé. Ní Amẹ́ríkà, Andy Sidaris, olùdarí àwòrán eré ìdárayá ní ABC, sọ ọ́ di àṣà láti máa yí kámẹ́rà kúrò lórí pápá sí àwọn arẹwà obìnrin láàárín èrò. Àwọn yòókù kọ́ ọ. Àṣà náà ràn débi pé nígbà Ife Àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà, FIFA sọ fún àwọn tó ń yàwòrán pé kí wọ́n dín in kù. Àwọn eléré gan-an kò bọ́ níbẹ̀. Ní Doha ní 2019, níbi ìdíje eré sísá àgbáyé, wọ́n fi kámẹ́rà sínú irin tí sárésáré ń fẹsẹ̀ tì kó tó gbéra, tí ó ń wo òkè láti abẹ́ wọn. Gina Lückenkemper ará Jámánì sọ ọ́ gbangba pé kò bójú mu, ó bi wọ́n bóyá obìnrin wà níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ní 2018 ni IOC gbé ìlànà ìyàwòrán jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Lọ́dún náà ní Tokyo, Yiannis Exarchos, ọ̀gá OBS, sọ pé a kò ní rí àwòrán tó ń sún mọ́ ẹ̀yà ara obìnrin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní Paris ní 2024, ó gbà pé ó ṣì ń ṣẹlẹ̀, pé àwọn oníkámẹ́rà ń ṣe é láìfura. Paris yẹn náà ni wọ́n ti fi Máráthọ̀n obìnrin sí ọjọ́ ìkẹyìn, ibi tí tọkùnrin máa ń wà. Sifan Hassan ló gbà á, hìjáàbù rẹ̀ lórí ló sì fi gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà lójú gbogbo ayé.

Àwa ńkọ́? Wúrà Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà, obìnrin ló gbà á: Chioma Ajunwa, tó fo 7.12 mítà nínú ìdíje fífò jìnnà, Atlanta, 2 oṣù kẹjọ 1996. Ìpínlẹ̀ Kogi kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ọjọ́ kejì ni wúrà bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin dé, ìyẹn la sì ń sọ títí dòní. Ẹ wo pátákó dúdú tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìdíje sí níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Kàbà: Arsenal àti Chelsea kì í wọ́n níbẹ̀. Super Falcons ló máa ń wọ́n, àwọn tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú 2-0 ní Rabat ní oṣù keje 2025, tí wọ́n sì fi 3-2 gba ife Áfíríkà ìgbà kẹwàá.

OBS lè tún àwòrán ṣe, ṣùgbọ́n ohùn tó ń bá àwòrán rìn, tiwa ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ilé ló ń pinnu bóyá 12.12 ìṣẹ́jú-àáyá tí Tobi Amusan fi fo hódù ní Oregon ní 2022 la máa gbọ́, tàbí irun rẹ̀ àti ìgbà tí yóò lọ́kọ. Ìwé ìlànà IOC kò lè pàṣẹ fún un. Ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn wa ló gbọ́dọ̀ kọ tiwọn, kí obìnrin sì wà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́.