Swallow: ẹyẹ, ọ̀nà ọ̀fun àti òkèlè

Àlàyé kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọdé: wọ́n ní torí pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ máa ń la ẹnu gbé kòkòrò mì lójú òfurufú ni Òyìnbó ṣe ń pè é ní swallow. Àlàyé náà dùn-ún gbọ́, ó sì bá ìṣe ẹyẹ náà mu. Lóòótọ́ ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń mú kòkòrò bó ṣe ń fò, tó sì máa ń rá bàbà kọjá lójú omi, tí yóò bu omi mu láì balẹ̀. Bó bá lọ́mọ nínú ìtẹ́, yóò kó kòkòrò jọ sí ọ̀fun, yóò ṣù wọ́n bí òkèlè, kó tó gbé wọn lọ bọ́ àwọn ọmọ náà. Síbẹ̀, àlàyé náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ ẹyẹ náà kò bá gbígbé nǹkan mì tan. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, bí wọ́n sì ṣe rìn títí wọ́n fi pàdé gan-an ló dára jù nínú ìtàn ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà wá sí Àbújá ti kọjá nítòsí ohun tó lè fi mọ̀ ọ́n. Odò Ọya ti orí òkè Gíní ṣàn wá, Benue ti ilẹ̀ gíga Adamawa ní Kamẹrúùnù bọ̀. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi dé Lọ́kọ́jà. Láti ibẹ̀ lọ, orúkọ Benue ti tán nílẹ̀, orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá bu omi ní Onitsha kò lè fi ojú yà á sọ́tọ̀ pé èyí ti Kamẹrúùnù wá, ìyẹn ti Gíní. Ṣùgbọ́n odò náà kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀: bó ṣe ń sún mọ́ òkun, ó tún pín sí ẹ̀ka, Nun lọ síbí, Forcados lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀nà méjì tí ọ̀rọ̀ kan fi ń ní ìtumọ̀ púpọ̀ náà nìyẹn. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ méjì tí kò mọra rí á ṣàn pàdé, ìró wọn á di ọ̀kan. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á la ẹ̀ka. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Bó bá jẹ́ odò méjì ló pàdé, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì fi nọ́ńbà kékeré kan sí èjìká ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka ni, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á wá to àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún wà nínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lè ṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì pè fún ara wọn. Swealwe ni ẹyẹ náà ń jẹ́. Swelgan ni gbígbé nǹkan mì ń jẹ́. Lẹ́tà g tó wà nínú èkejì ni kí á dojú kọ. G yìí kò le bíi ti “gà” tiwa. Lẹ́yìn l àti r, ẹ̀yìn ahọ́n kì í kan òkè ẹnu tán nígbà tí wọ́n bá ń pè é, afẹ́fẹ́ á máa gba àlàfo ibẹ̀ jáde. Láti ibẹ̀ dé w kò jìnnà, torí ẹ̀yìn ahọ́n náà ló ń gbéra sókè fún w, ètè nìkan ló kù kó ká. Ẹni tó bá rọra pe “wá” yóò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ìran kan ṣe ń fi èdè náà lé ìran mìíràn lọ́wọ́, g náà ń rọ̀, títí ó fi di w pátápátá.

Kì í sì í ṣe swelgan nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Folgian di follow, borgian di borrow, sorg di sorrow. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, kò jẹ́ kí g tiwọn lọ: folgen, borgen, Sorge ni wọ́n ń wí títí di òní. Ní ti ẹyẹ, w ti wà nídìí orúkọ rẹ̀ láti ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú spearwa, orúkọ ológoṣẹ́ láyé àtijọ́, èyí tó di sparrow. Bí ìparí ọ̀rọ̀ ṣe ń gé kúrò díẹ̀díẹ̀, l àti w ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì nira láti pè láì sí fáwẹ̀lì tó máa gbè wọ́n. Bí ow ṣe yọ nìyẹn, fún ẹyẹ àti fún ọ̀fun. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan ń kọ gbígbé mì ní swelwe, àwọn kan swolwe, àwọn kan swalwe. Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, nígbà tó sì yá, àkọtọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan. Èyí tó dúró fún gbígbé mì bá orúkọ ẹyẹ mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. Àdánù ni, lójú ẹni tó bá fẹ́ràn èdè, torí pé lẹ́tà g yẹn wà lára ohun tó ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, òun náà ló sì sọnù.

Àwọn ará Jámánì yìí kan náà ló tún jẹ́rìí tako àlàyé àkọ́kọ́ yẹn. Schwalbe ni wọ́n ń pe alápàáǹdẹ̀dẹ̀, schlucken ni wọ́n ń pe gbígbé mì. Kódà, agbábọ́ọ̀lù tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú kí rẹfirí lè fún un ní pẹ́nárítì, Schwalbe ni wọ́n ń pe ohun tó ṣe, nítorí bí ẹyẹ náà ṣe máa ń já wálẹ̀. Kò sí òbí kan ní Jámánì tó máa sọ fún ọmọ pé torí ọ̀fun ni ẹyẹ náà ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀fun ni orúkọ náà ti wá, ó yẹ kí ó hàn nínú èdè tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìró méjì ti ṣèèṣì bára mu, nìkan ni ìtàn náà ti lè hù.

Yorùbá náà mọ irú rẹ̀. Ohùn ń gbà wá níbi púpọ̀, òun ló ń ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n wo ilẹ̀ tó mì, kí o sì wo ejò tó gbé eku mì. Ohùn kan náà ni, lẹ́tà kan náà ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pa wọ́n pọ̀. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ purọ́ mọ́ wọn, kò ní ṣòro fún un: ṣebí nínú Bíbélì, ilẹ̀ lanu, ó gbé Kórà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mì. Ó lè fi ìyẹn gbé e kalẹ̀ pé ohun tó ń gbéni mì ló ń mì. Yóò dùn létí dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́.

Ní ti ẹ̀ka, èyí tó jáde láti inú gbígbé mì, wọn kò le. Ènìyàn lè swallow irọ́, ìyẹn ni pé ó gbà á gbọ́. Ó lè swallow ìwọ̀sí, kó mú un mọ́ra. Ó lè swallow ọ̀rọ̀ tó ti sọ, kó kó o jẹ. Nàìjíríà fi tirẹ̀ kún un ní 2018, nígbà tí ìròyìn gbòde pé òṣìṣẹ́ JAMB kan ní Makurdi ní ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Láti ìgbà náà, bí owó ìlú bá pòórá, àwọn ènìyàn á béèrè pé ẹranko wo ló swallow rẹ̀.

Ẹ̀ka tó lágbára jù nílẹ̀ wa wà nínú bùkà. Lọ́sàn-án ní Garki tàbí Utako ní Àbújá, kúlà máa ń tò lórí tábìlì, òkèlè tí wọ́n wé sínú ọ̀rá wà nínú wọn, ooru ti mú inú ọ̀rá náà làágùn. Ìyá olóńjẹ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bà. “Ráìsì àbí swallow?” ló kọ́kọ́ ń bi oníbàárà. Bí wọ́n bá ní swallow ni, ìgbà náà ló máa wá ka orúkọ wọn: “Ẹ̀bà wà, sẹ́mó wà, tuwo shinkafa wà, àmàlà ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ni, sà.” Lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ará Ìbàdàn, ará Kano, ará Nsukka àti ará Gboko ló jókòó. Ọ̀kan ní òkèlè, ọ̀kan ní tuwo, ọ̀kan ní utara, ọ̀kan ní ruam. Bí ìyá náà bá ní tuwo, ọkàn ará Ìbàdàn á lọ sí tìrẹsì nìkan. Bó bá ní òkèlè, ará Kano kò mọ ohun tó ń wí, àwa Yorùbá gan-an sì ń pe èyí tí a bù lẹ́ẹ̀kan ní òkèlè. Swallow kò sí nínú èdè abínibí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó sì ṣe àpèjúwe ohun kan tí gbogbo oúnjẹ wọ̀nyẹn jọ ní: a kì í rún wọn, ọ̀fun ló ni wọ́n. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Àwọn kan ń bínú sí i, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì bùkà ni. Wọn kò wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Drink jẹ́ mímu, ó sì jẹ́ ohun tí a ń mu. Catch jẹ́ mímú, ó sì jẹ́ ẹja tí a mú. Kódà a swallow ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́ fún ìwọ̀n omi tí ọ̀fun lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìlànà kan náà ni Nàìjíríà tẹ̀ lé.

Báwo wá ni etí ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ń wí, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn? Gírámà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹyẹ ṣeé kà: a swallow, two swallows. Ẹyẹ ni òwe wọn tó sọ pé one swallow kò mú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wá ń tọ́ka sí. Nígbà òtútù Yúróòpù, ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹyẹ náà máa ń wà. Èyí tó ń sùn sí Boje ní Cross River nìkan ti lé ní mílíọ̀nù kan kí wọ́n tó tún gba orí Sàhárà padà lọ. Ti bùkà kì í ṣeé kà. “I want swallow” ni oníbàárà ń wí, kò ní í sọ pé a swallow. Bó bá fẹ́ méjì, wrap ni yóò kà. Lẹ́tà a kékeré yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí g ìgbà àtijọ́ ń ṣe, àwọn tó ń jẹun ní Àbújá sì ń lò ó láì ṣì í, láì sí olùkọ́ tó kọ́ wọn. Ìwé atúmọ̀ èdè tó bá fẹ́ kọ òkèlè sílẹ̀ bó ṣe yẹ, abẹ́ swallow ti ọ̀fun ni kó fi í sí, kí ó sì kọ ọ́ sí i lára pé kì í gba a níwájú, kì í gba s lẹ́yìn.