Kì í ṣe bí orí ṣe gbálẹ̀ nìkan ló ń pa èèyàn

Níbikíbi tí ọ̀kadà bá ti ṣubú, tí ẹni tó gbé sẹ́yìn ò ta pútú mọ́, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó dúró yíká: "Ha, orí ló fi gbálẹ̀, ó ti tán nìyẹn." Tó bá wá kú sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, àwọn kan á ní ọsibítù ló pa á, àwọn yòókù á ní àyànmọ́ ni. Ìgbàgbọ́ yìí ń dùn mí gan-an ni, torí ó máa ń jẹ́ káwọn èèyàn káwọ́ gbera nígbà tó yẹ kí wọ́n ṣe nǹkan.

Òótọ́ ni pé bí orí ṣe gbá nǹkan ṣe pàtàkì. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń wò ni pé ṣé ó ń lajú, ṣé ó ń sọ̀rọ̀, ṣé ó ń gbọ́wọ́ gbẹ́sẹ̀, wọ́n á wá fún un ní máàkì láti 3 sí 15 (ìlú Glasgow ní Scotland ni wọ́n ti ṣe ètò yẹn jáde ní 1974), ẹni tó bá gba 8 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ le gan-an nìyẹn. Wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, tí ọmọlójú méjèèjì ò bá sún kì, ọ̀rọ̀ ti ń burú. Ó sì máa ń nira fún àgbàlagbà ju ọ̀dọ́ lọ.

Àmọ́ ohun méjì wà tó máa ń wọlé lẹ́yìn tó ti ṣubú tán: kí afẹ́fẹ́ má tó o, àti kí BP, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn, lọlẹ̀. Ní 1993, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn 717 tí orí wọn ṣeṣe gidi, àwọn tí nọ́ńbà òkè BP wọn já wálẹ̀ tí kò tó 90 mọ́, kódà ẹ̀ẹ̀kan péré, iye tó kú nínú wọn tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí tiwọn ò já wálẹ̀. Ìdí ni pé ọpọlọ tó ṣeṣe máa ń wú, agbárí ò sì lè fẹ̀ fún un, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára kó tó lè ráyè gòkè débẹ̀. Orí nìkan náà kì í sábà fa BP ẹni tí kì í ṣe ọmọdé wálẹ̀ o, itan tó kán tàbí ikùn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ló máa ń fà á, nígbà tí gbogbo ayé ń wo orí.

Ti afẹ́fẹ́ wá ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ẹni tó dákú fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń hanrun, wọ́n á ní "ẹ fi í sílẹ̀, oorun ló ń sùn." Kì í ṣe oorun! Ahọ́n ló ti ṣubú sẹ́yìn dí ọ̀fun, tàbí ẹ̀jẹ̀ àti èébì ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan á tún fi eyín já píọ̀ wọ́tà, á dà á sí i lẹ́nu, omi yẹn á lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tàbí kí wọ́n há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ọrùn á rọ̀ wálẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ń gbà á sì pa dé títí wọ́n á fi dé ọsibítù.

Ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ àwọn tó ń bá áḿbúláǹsì ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n tètè máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ́síjìn, kí wọ́n má jẹ́ kí BP ẹ̀ lọlẹ̀, kí wọ́n má sì máa fi ìkánjú fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀ rárá. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019, tí wọ́n bá kó gbogbo àwọn tó fara pa pọ̀, àǹfààní rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ṣeṣe gidi, àǹfààní àtijáde láàyè tó ìlọ́po méjì.

Torí náà ẹ pe 122, àwọn Road Safety nìyẹn. Kí èèyàn bíi mẹ́ta mẹ́rin jọ yí i sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà ní ọ̀gbọọrọ, kí ẹ nu ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ́nu ẹ̀, kẹ́ ẹ má fún un ní nǹkan kan mu. Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, ẹ sọ àsìkò tó ṣubú, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ó sọ̀rọ̀ kó tó dákú, torí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa tó wá dákú lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ lè máa gbára jọ nínú agbárí ẹ̀, ìyẹn sì ṣeé ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n bá tètè mọ̀.